Ìkéde Ìgbéyàwó Tó Jáde Lẹ́ẹ̀kejì

Ohùn Látífàt ni Bàsítì kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ojú rẹ̀. Abẹ́ tábìlì ló wà lọ́jọ́ náà, ní sítúdíò ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń fa wáyà gba àárín ẹsẹ̀ àga. Ohun tó ń rí lára ọmọbìnrin tó jókòó nídìí máìkì kò ju bàtà pẹlẹbẹ kan àti etí ìborùn aláwọ̀ sánmà lọ.

Àfi bí orin ṣe dákẹ́ lójijì. Wáyà tí Bàsítì ń fà ló yọ. Kọ̀ǹpútà sítúdíò kò rí ibi tó ti máa mú orin mìíràn mọ́, ó kàn dúró, ó ń wá ibi tí kò sí.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rédíò rí mọ̀ pé kí afẹ́fẹ́ dákẹ́ dà bí kí ìró tú mọ́ni nídìí láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní kí àwọn olùgbọ́ òun fara balẹ̀ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ewúrẹ́ ìyá-ìyá rẹ̀ kan ní Ùsì, tó máa ń tẹ̀lé màmá náà lọ sí mọ́sálásí, tó máa ń dúró jẹ́jẹ́ níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, tí kì í fẹnu kan bàtà ẹnikẹ́ni àfi ti lèmọ́mù.

Ẹ̀rín pa Bàsítì lábẹ́ tábìlì. Ó forí gbá igi, gbogbo àríwá Èkìtì sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Nígbà tí orin padà dé, ojú kan yọ sábẹ́ tábìlì. Ojú náà rẹwà, ṣùgbọ́n ó wú díẹ̀. Bàsítì rò pé eruku ọyẹ́ ni.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín, àbí ewúrẹ́ náà ló tẹ̀ lé mi wá síbi iṣẹ́?”

“Èmi ni. Ẹ má bínú. Èmi náà ni mo yọ wáyà.”

Látífàt ràn án lọ́wọ́ kó jáde lábẹ́ tábìlì. Ó ní ọkùnrin tó ń jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í kò wọ́pọ̀, ó sì fún un ní omi tútù. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Bàsítì kò ti sí lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìtàjí ni Bàsítì. Ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó gbọ́n lọ́wọ́, àmọ́ ojú máa ń tì í. Bí èèyàn bá ti pọ̀ ju mẹ́ta lọ níbì kan, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ní rédíò ni pé kó wá ibi ìpamọ́ tó dára fún wọn. Tẹ́lẹ̀, inú kọ̀ǹpútà sítúdíò gan-an ni gbogbo orin, wàásù àti ìkéde wọn ń gbé. Bàsítì wá gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi wáyà so ó mọ́ sítúdíò. Àká ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo irè wọn sí.

Kò kó ti àtijọ́ kúrò. Ó tẹ́ ti tuntun lé e lórí bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ́ ẹní tuntun lé ẹní àtijọ́: ibì kan náà, orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ti òkè nìkan lojú ń rí.

Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sítúdíò máa dúró de Àká nígbàkúùgbà tí wáyà bá já tàbí tí iná bá lọ, kó sì sọ gbangba fún òṣìṣẹ́ pé Àká kò dáhùn. Ọ̀gá Adékúnlé tó ni rédíò ló kọ̀. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ tí òun gbọ́ lọ́jọ́ tí wáyà yọ ti tó òun títí ayé. Bàsítì bá ṣètò rẹ̀ pé bí Àká kò bá ti dáhùn, kí kọ̀ǹpútà yà sísàlẹ̀, kó mú ohun tó bá bá lábẹ́ ẹní. Orin àtijọ́ ṣáà sàn ju kí rédíò ya odi lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rò. Kò wo ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú orin.

Iṣẹ́ parí, ẹsẹ̀ Bàsítì kò kúrò ní Ìkọ̀lé. Lónìí, ó ní òun fẹ́ wo wáyà. Lọ́la, ó ní òun gbàgbé irinṣẹ́. Látífàt á ti ra ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná sílẹ̀ dè é, á ní òun ò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi gmẹ̀línà tó wà lẹ́yìn sítúdíò, òun á máa sọ̀rọ̀, Bàsítì á máa gbọ́. Olóhùn iyọ̀ ni Bàsítì ń pè é. Látífàt náà ń pè é ní Ìtàjí mi, bí ẹni pé ìlú náà kò bí ọmọ mìíràn.

Abẹ́ igi yẹn ló ti sọ ti Jàmálù fún un. Ó ń bó ọsàn lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè. Jàmálù jẹ́ ọmọ Òkè-Àkò, ó lẹ́wà, ó mọ aṣọ wọ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì Látífàt pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń dé láti Ìdó àti Ọyẹ́, bàbá rẹ̀ ti na àtíbàbà. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì, Jàmálù pè é láti ọ̀nà jíjìn, ó ní ọkàn òun kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni o wá yọ wáyà mi,” ni Látífàt wí.

Bàsítì rántí ojú tó wú, tó pè ní eruku ọyẹ́. Ó gba ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a bó o tán.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe gbilẹ̀ nìyẹn, jẹ́jẹ́, láìpariwo. Ìyá Bàsítì, Sọ̀fíyátù, opó tó ń fún epo ní Ìtàjí, gba ọmọbìnrin náà láìtíì rí i, torí ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ nínú rédíò tó so mọ́ igi lẹ́bàá ẹkù tó ti ń fún epo. Ìṣòro wà lọ́dọ̀ Alhaji Ràsákì, bàbá Látífàt, tó ń ta páànù ní Ùsì. Ọ̀rọ̀ Jàmálù ti dójú tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi pé fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yìn mọ́sálásí ló ń gbà wọlé kírun. Nígbà tó wá gbà pé kí àwọn ará Ìtàjí wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ní Sátidé kan, ó fi òté kan lé e: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kéde nǹkan kan. Ó ní orúkọ ọmọ òun kò tún ní gba orí afẹ́fẹ́ fún ìgbéyàwó títí yìgì yóò fi so.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, Látífàt gba àyè, ó lọ bá wọn tún ilé ṣe ní Ùsì. Babátúndé, akẹgbẹ́ rẹ̀, ló di ipò rẹ̀ mú ní sítúdíò. Òjò ńlá ṣú, iná lọ. Bátìrì sítúdíò ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì yàrá ẹ̀yìn tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ kú. Àká sùn. Babátúndé kò mọ̀. Ó tẹ ìkéde ọ̀sán Ọjọ́rú, ó sì bọ́ síta lọ dáhùn fóònù. Kọ̀ǹpútà wá Àká, kò rí i. Ó yà sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó bá ìkéde Ọjọ́rú kan níbẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn kí ẹní tuntun tó dé.

Inú táásì ni Bàsítì wà, láàárín Ìdó sí Ìkọ̀lé. Bátìrì tuntun tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ èyí tó ń ṣàìsàn ló gbé sórí ẹsẹ̀. Rédíò awakọ̀ ń ké.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkéde tèmi fúnra mi ni mo fẹ́ kà lónìí.” Ohùn Látífàt ni. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bí ti ọmọ tó gba aṣọ ọdún. “Lágbára Ọlọ́run, ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí, ní ìlú Ùsì-Èkìtì, wọn yóò so yìgì èmi Látífàt Ràsákì àti ayanfẹ́ mi, Jàmálù, ọmọ Òkè-Àkò. Gbogbo yín ni mo pè.”

Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé ọkọ náà ní láti dáa gan-an, ẹ gbọ́ bí ọmọ ṣe ń yọ̀. Awakọ̀ ní kí wọ́n má jẹ́ kó kúrò ní rédíò tó bá dé ilé ọkọ, òun ò lè máa gbọ́ Babátúndé ní gbogbo ọ̀sán. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàsítì kò lè rín.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìkéde náà tó parí. Ó mọ wáyà tó já, ó mọ ẹní tó ká sókè, ó mọ ẹni tó tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n pé ó mọ̀ kò pa ọkàn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu Látífàt láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

“Bàsítì, ọ̀dọ̀ ta là ń lọ ní Sátidé?”

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin, kò bínú, ó ní òun gbà pé ẹ̀rọ ló sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dá ọ̀rọ̀ hùmọ̀. Ó ní àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ti gbọ́, wọ́n sì ti fárígá pé àwọn kò ní wọ agbádá lọ sílé ọmọ tó ní ọkọ méjì.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti kárí. Láti Òkè-Àkò, ìyá Jàmálù rán èèyàn sí Ùsì láti béèrè bóyá wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde, ó ní wọn ì bá tètè sọ kí òun lè wá aṣọ rán. Alhaji Ràsákì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàsítì wọ ọ̀kadà lọ sí Ùsì. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ti bá bàbá náà, láàárín páànù. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde.

“Lákọ̀ọ́kọ́, ọkùnrin kan ló dójú tì wá,” ni Alhaji wí. “Èyí tó ṣẹlẹ̀ yìí, ta ni kí n mú? Ṣé òjò ni kí n mú?”

Òjò ni gbogbo àwọn ará rédíò ń dá lẹ́bi. Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ níwájú Bàsítì, ó gbòòrò, ó sì rọrùn. Látífàt dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Èmi ni kí ẹ mú, Bàbá.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀: Àká, wáyà, ẹní tuntun lórí ẹní àtijọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ti àtijọ́ wà lábẹ́ ibẹ̀, òun ló fi í sílẹ̀, òun ló sì sọ fún ẹ̀rọ pé kó máa lọ mú un dípò kó jẹ́wọ́ pé òun kò rí ohun tí wọ́n rán òun.

Bàbá to páànù kan lé èkejì.

“Ọ̀rọ̀ tó bá gba orí afẹ́fẹ́ lọ, kì í gba ẹ̀yìnkùlé padà. Èyí tí o sọ fún mi yìí, bí o bá lè sọ ọ́ níbi tí ayé ti gbọ́ tàkọ́kọ́, kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀ ní Sátidé. Bí o kò bá lè sọ ọ́, kí kálukú dúró sílé rẹ̀.”

Látífàt sìn ín dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Bàsítì fẹ́ bi í nípa ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n owó ọ̀kadà ló béèrè. Látífàt ní òun yóò wà níbi iṣẹ́ ní àárọ̀ Jímọ̀.

Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́ kí Bàsítì tó dé. Ọ̀gá Adékúnlé náà wà níbẹ̀, kò sì fara mọ́ ohun tí Bàsítì fẹ́ sọ lórí afẹ́fẹ́. Ó ní bí rédíò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ àwọn máa ń gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde, ta ni yóò tún gba ìkéde àwọn gbọ́? Lọ́la, wọ́n á ní ẹni tó kú kò tíì kú. Kí wọ́n ṣáà ní àṣìṣe díẹ̀ wáyé, kí wọ́n fi orin sí i.

Látífàt dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé ohun tí èèyàn kò bá jẹ́wọ́ ni kò ní í tún ṣe. Ó ní orúkọ òun ni wọ́n ń gbé kiri lójú pópó, sà, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ. Ọ̀gá Adékúnlé bọ́ fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. Níkẹyìn, ó ní kí Bàsítì kọ́kọ́ tún un ṣe, kó má baà jẹ́ pé ìlérí lásán ni wọ́n ń ṣe fáráyé.

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ká ẹní tuntun sókè, wọ́n ń kó ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Orin tó dára, wọ́n kó o sínú Àká. Èyí tí kò wúlò mọ́, wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n ṣe é títí wọ́n fi kan ìkéde Ọjọ́rú yẹn. Ọwọ́ Bàsítì dúró.

“Jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ,” ni Látífàt wí.

“Kò pọn dandan.”

“Ó pọn dandan. Láti àná ni mo ti rí i lójú rẹ.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà tún jáde, ẹ̀rín náà tún jáde. Látífàt tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀.

“Ọmọ yìí ń ṣe mí láàánú,” ló wí nígbà tó tán. “Ayé ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Jàmálù. Inú rẹ̀ dùn pé gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Kò tíì bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó le.” Ó yíjú sí Bàsítì. “O rò pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù ọ́ lọ nítorí ẹ̀rín.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀.”

“Ìtàjí mi, lọ́dọ̀ tìrẹ ara mi balẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ kì í pariwo. Àná, nígbà tí bàbá mi fi òjò lọ̀ ọ́, àyà mi ń já pé o máa gbà á. Ká ní o gbà á ni, ǹ bá dúró sílé mi.”

Ó na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pa ìkéde náà rẹ́.

Bàsítì wá yí ètò ẹ̀rọ padà. Bí Àká kò bá dáhùn, kí kọ̀ǹpútà gbìyànjú, kó tún gbìyànjú. Bí kò bá rí i síbẹ̀, kó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ara rẹ̀ pé Àká kò dáhùn, kí ó dúró. Kó má yà síbì kankan. Wọ́n yọ wáyà dán an wò, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Adékúnlé béèrè pé ta ni yóò wá dí àlàfo ìdákẹ́jẹ́ náà.

“Ẹni tó bá wà nídìí máìkì ni, sà. Yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù.”

Ọ̀gá wo Babátúndé. Babátúndé wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Látífàt jókòó nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó kí àwọn olùgbọ́, ó ní ẹnìkan fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó gbé máìkì súnmọ́ Bàsítì. Bàsítì dì í mú. Ó mí, wọ́n gbọ́ mímí rẹ̀ dé Òkè-Àkò.

“Bàsítì lorúkọ mi. Èmi ni mo ṣètò ẹ̀rọ rédíò yìí. Ìkéde tí ẹ gbọ́ ní Ọjọ́rú, ti àtijọ́ ni. Ìgbéyàwó náà kò wáyé, ọmọbìnrin náà kò sì jẹ̀bi ohunkóhun. Mo fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó yẹ kí n ti kó o. Òjò kọ́, iná kọ́. Èmi ni. Mo bẹ bàbá rẹ̀, mo bẹ ìyá mi, mo bẹ gbogbo yín.” Ọ̀gá Adékúnlé ti ń nawọ́ sí orin. Bàsítì tún fi kún un pé, “Mo fẹ́ràn rẹ̀,” pẹ̀lú ohùn tó kéré débi pé àwọn kan ní Ìkọ̀lé ṣì ń jiyàn bóyá ó sọ ọ́.

Ẹnikẹ́ni kò pè é láti Ìtàjí lọ́jọ́ náà. Ó pe ìyá rẹ̀, kò gbé e. Ó sùn, kò sùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, Látífàt ń gbálẹ̀ iwájú ilé ní Ùsì tó ti gbá mọ́ tẹ́lẹ̀. Alhaji Ràsákì jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Bàsítì nìkan ló kọ́kọ́ dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó wá béèrè ọ̀nà, kò sì lè sọ fún wọn bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Wọ́n dúró títí oòrùn fi gun òkè ilé.

Nígbà náà ni ọkọ̀ kan yà wọlé láti ọ̀nà Ìdó. Àwọn àbúrò bàbá Bàsítì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agbádá wọn, wọ́n ń ráhùn pé ọkọ̀ ló bàjẹ́ ní Ayégbajú. Ìyá Bàsítì ló bọ́ sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Epo ṣì wà ní etí èékánná rẹ̀. Kò wo àga tí wọ́n gbé fún un. Ọ̀dọ̀ Látífàt tó ti kúnlẹ̀ ló kọrí sí, ó fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

“Láti kékeré, ọmọ mi kò lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn mẹ́rin,” ló wí, kí gbogbo wọn lè gbọ́. “Ẹni tó mú un sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo Èkìtì, mo ní kí n fojú ara mi rí i.”

Alhaji Ràsákì dìde, ó yí àga rẹ̀ padà kojú sí wọn.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá,” ni Látífàt wí.

Màmá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde.

“A ti dé ulé,” ló fi èdè Ìtàjí fèsì.